Níbo Ni A Ó Sùn? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀nà Èkó sí Adó-Èkìtì

Àkókò náà tún ń súnmọ́ etílé tí ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń gbé ní Èkó yóò di ẹrù sínú mọ́tò láti lọ kí àwọn òbí wọn ní ilẹ̀ Èkìtì. Bí a bá bi baálé ilé kan léèrè ìmúra tí ó ti ṣe, yóò sọ fún wa pé òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, pé òun ti ra àpò ìrẹsì kan fún àwọn ará ilé, àti pé ìyàwó òun ti rán aṣọ àwọn ọmọ. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí mọ́tò tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà: ibo ni a ó sùn lójú ọ̀nà?

Ọ̀pọ̀ ni yóò rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè náà. Wọn yóò ní, “Kí ni a ń sùn sí lójú ọ̀nà, nígbà tí ọ̀nà náà kò ju 300 kìlómítà àti díẹ̀ lọ?” Lóòótọ́, lórí ìwé, ọjọ́ kan tó fún un. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1978, jẹ́ nǹkan bí 130 kìlómítà. Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ kò pé 100. Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 lọ. Òkè àti àfonífojì ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Èkó mọ̀ pé jíjáde kúrò nínú rẹ̀ ni iṣẹ́, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Mọ́tò tí ó kúrò ní ilé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ lè máà tíì rí Ìbàdàn títí di ọ̀sán gangan. Nígbà tí yóò bá sì fi dé Iléṣà, oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn ọmọ ti ń sunkún, ẹni tí ń wa mọ́tò ti ń yán, ibi tí ọ̀nà náà sì ti le jù lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ oòrùn náà dáadáa, nítorí òun ni ọ̀gá ìrìn àjò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, oòrùn a wọ̀, ìmọ́lẹ̀ a sì máa wà lójú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò Kérésìmesì, oòrùn a máa wọ̀ ní Èkìtì kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, kò sì ní tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà tí òkùnkùn yóò fi bo ilẹ̀. Fi ọyẹ́ kún un, tí í máa ń bo orí òkè bí ẹ̀fúùfù onírukutu, kí o sì fi ọkọ̀ akẹ́rù tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú kún un pẹ̀lú. Ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́ bí ejò. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ àpáta, ọwọ́ òsì rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gbun. Ní ọ̀sán, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó lẹ́wà jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni. Ní òru, a kò ní bá ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kọ̀rọ̀ àti òkè nìkan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti dá ènìyàn lọ́nà nínú àwọn igbó tí ó wà láàrin ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kò sọ pé ọ̀sán dá ẹnikẹ́ni sí; ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ọba méjì ni a pa lójú ọ̀nà ní ìhà ìlà oòrùn Èkìtì, wọn kì í sì í ṣe aláìmọ̀nà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, ń ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó bàjẹ́ ní agogo méjì ọ̀sán yóò rí àgbẹ̀ tí ń bọ̀ láti oko, yóò rí ọlọ́kadà, yóò rí mọ́tò mìíràn tí yóò dúró fún un. Èyí tí ó bàjẹ́ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ńkọ́?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a ní fún àwọn ìdílé ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yan ibi tí wọn yóò sùn, kí wọ́n tó yan agogo tí wọn yóò jáde ní ilé. Kí wọ́n sì yan méjì: ọ̀kan tí ọkàn wọn fẹ́, àti ọ̀kan tí wọn yóò yà sí bí ọjọ́ bá ti lọ. Èyí tí ọkàn wa fẹ́ ni Ìkògòsì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí tí a ó yà sí ni Iléṣà. Ìlú ńlá ni, ilé ìtura wà níbẹ̀ fún olówó àti fún ẹni tí ń ṣọ́ owó ná, ilé ìwòsàn wà, àwọn mẹ́káníìkì sì wà. Iléṣà ni a fi ṣe ìlú ìpinnu wa. Bí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá ti kọjá kí a tó wọ Iléṣà, Iléṣà ni a ó sùn, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Kí tọkọtaya fi ẹnu kò lórí agogo yìí nínú ilé, nígbà tí ara wọn balẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ojú ọ̀nà, ẹni tí ń wa mọ́tò ni yóò borí, òun sì ni ó máa ń fẹ́ sọ pé “ó kù díẹ̀.”

A mọ ohun tí àwọn ará ilé yóò wí, nítorí a ti gbọ́ ọ rí. “Ẹ dé Iléṣà, ẹ sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì? Ṣé ilé bàbá yín kò gbà yín ni?” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn ọmọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ní ilé tí ó sì sanwó láti sùn ní ilé ẹlòmíràn dà bí ẹni tí inú ń bí sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá wa, ìbéèrè náà kò tilẹ̀ jẹ yọ. A máa ń sùn lọ́dọ̀ ará tàbí ní ilé katikíìsì, àwọn Òyìnbó aṣojú ọba nìkan ni wọ́n ní ilé ìsinmi tiwọn lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí a má fi ẹnu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí a ti wà lójú ọ̀nà. Kí ọmọ pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Màmá, ọjọ́ kejì ni ẹ ó rí wa, a ó sùn lójú ọ̀nà nítorí àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe dúró dè wá ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní.” Ìyá tí ó bá gbọ́ “nítorí àwọn ọmọ” kì í bínú pẹ́.

Àwọn tí ń wa mọ́tò kì í rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwa ti rí i. A ti jókòó nínú pálọ̀ kan ní Adó ní alẹ́ kan tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún ó pé, tí gbogbo ilé ń wo aago. Iyán ti wà nínú abọ́ láti agogo mẹ́fà. Àwọn tí ń bọ̀ ti pè láti Iléṣà pé àwọn “ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé,” lẹ́yìn náà fóònù wọn kò lọ mọ́, nítorí pé láàrin àwọn òkè wọ̀nyẹn ibi púpọ̀ wà tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́. Agogo méje lù, mẹ́jọ lù, mẹ́sàn-án lù. Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì ń tú u. Nígbà tí wọ́n wọlé ní agogo mẹ́wàá kọjá, láìsí ohunkóhun tí ó ṣe wọ́n ju táyà kan tí ó jò, gbogbo ilé hó fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì lè sùn. Táyà kan ni, ó sì ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà fúnra rẹ̀, èyí tí ó dùn ún sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé Ìkògòsì ní ojúmọmọ gbọ́dọ̀ kúrò ní Èkó ní agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tíì dá a dúró. Tíì a máa bẹ nínú fúláàsì. Kí ó ra epo kún táǹkì ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn Ìbàdàn, a ó kọjá ní Àṣẹ́jìrẹ́, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun láti fi omi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà a ó dé Ìkirè, ìlú tí a fi dòdò mọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá bí a ti í dín in, tí a gún mọ́ ata, tí a sì dín títí ó fi dúdú. A fi ọwọ́ sí i pé kí a rà á. Kí a má sì fún ọmọ tí mọ́tò máa ń kọ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí òkè ń bẹ níwájú.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ yìí ti rí ẹkún rí. Ikú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà náà wà lára ohun tí ó mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká bẹ̀rẹ̀ sí jà fún ààbò ojú pópó, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí wọ́n sì fi òun fúnra rẹ̀ ṣe olórí rẹ̀. Nọ́ńbà tí a fi ń pe àjọ náà bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni 122. Kí ìyàwó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ìlú tí a ó kọjá ní ẹsẹẹsẹ, nítorí máàpù inú fóònù kò wúlò fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kú.

Ní Ìwàràjà, lẹ́yìn Iléṣà, ọ̀nà pín sí méjì. Èyí tí ó lọ tààrà ń lọ sí Àkúrẹ́. A ó padà sórí rẹ̀ láìpẹ́. Èyí tí ó yà ni ó ń gun òkè lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n. Kí a sọ fún gbogbo ọmọ pé kí wọ́n jí, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ a yí padà. A tutù, a sì ń rùn bí ewé tútù. Òkè a máa dìde ní ẹ̀yìn òkè, igi ńláńlá a sì máa bo orí wọn. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni ìtàkìtì omi Olúmirìn wà, èyí tí ń já láti orí àpáta ní ipele méje. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà ni ó kọ́kọ́ rí i, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ipele kìn-ín-ní tó fún ìdílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè gun èyí tí ó kù, ṣùgbọ́n àpáta náà a máa yọ̀ púpọ̀ ní ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà onígìgísẹ̀ débẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ tó. Ẹni tí ń wa mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gun àpáta kankan. Kí ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí ó sùn díẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ó tẹ̀ lé e. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, jíà kékeré ni kí a lò, kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ìjánu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìjánu tí ó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Ìlú yìí ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí ó lọ gbé ní Ìsẹ̀, tí ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ náà ni a sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1959. Awakọ̀ katapílà tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni òun náà, ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọ̀ láti lọ ní ọdún 1928, nígbà tí ó gbọ́ ìpè rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ní Iléṣà pé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kò dára ní ọjọ́ náà yóò kọjá ibẹ̀ gan-an, ní Ìkejì-Arákejì, nítorí yóò gba ọ̀nà Àkúrẹ́ dé Ìgbàrà-Òkè, yóò sì yà sí apá òsì gba Ìgbàrà-Odò wọ Ìkògòsì. Àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Iléṣà ni kí a bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí ó gba ibẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá.

Láti Ẹ̀fọ̀n, a ó lọ sí ìhà Àrámọ̀kọ, a ó sì yà sí apá ọ̀tún gba Erìjìyàn lọ sí Ìkògòsì. Ìdí tí a fi yan ibẹ̀ ni èyí. Àkọ́kọ́, kò sí ibòmíràn lójú ọ̀nà náà tí àwọn ọmọ yóò fi gbàgbé pé ó rẹ̀ wọ́n. Omi gbígbóná kan ń sun láti inú ilẹ̀, omi tútù kan ń sun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn lọ títí wọn yóò fi pàdé. Ọmọ lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó fi ìkejì sínú èyí tí ó tutù. Àwọn ìwé kan a máa kọ ọ́ pé omi náà gbóná tó 70 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígírédì. Kí òbí má fòyà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1960 bá a ní nǹkan bí 38, bí ìgbà tí a bu omi ìwẹ̀ fún ọmọ tuntun. Ìyá tí ó bá fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kàn án yóò mọ̀. Àwọn àgbà ìlú a máa sọ pé ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn omi méjèèjì, pé ìyálé gbóná lára, ìyàwó sì tutù, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ ọ́ bá ti rí ilé tirẹ̀.

Èkejì, ilé àlejò wà nínú ọgbà náà fúnra rẹ̀, a kò ní wá ibùsùn kiri ní ìrọ̀lẹ́. Ní àwọn ọdún 1950 ni John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí lo ibẹ̀ fún àgọ́ ìsinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ Ìkògòsì ti ń wẹ̀ nínú omi wọn kí a tó bí i. Ìjọba Èkìtì tún un ṣe, ó tún padà rẹ̀yìn, a sì tún gbé e lé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni láti máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a bá kà nípa irú ibẹ̀ ní ọdún kan lè yàtọ̀ ní èkejì, nítorí náà fóònù ni kí a fi ṣe ẹlẹ́rìí wa, kí a sì pè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí àwọn yàrá a máa kún ní ọdún.

Nígbà tí a bá pè, kí a má béèrè iye owó nìkan. Ṣé omi wà nínú yàrá? Títí di agogo mélòó ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́? Ṣé yàrá kan wà tí kò ní àtẹ̀gùn, fún màmá tí orúnkún ń dùn? Ṣé inú ọgbà ni mọ́tò yóò sùn, ta ni ń ṣọ́ ẹnubodè ní òru? Ṣé wọn yóò se oúnjẹ fún ẹni tí ó bá dé ní agogo mẹ́rin? Bí ẹni tí ó gbé fóònù bá ń kùn, tí kò lè dáhùn ìbéèrè ọgbà àti ẹ̀ṣọ́, kí a wá ibòmíràn. Owó yàrá ìdílé kan kì í ṣe kékeré, a kò tan ara wa. Ìdílé tí kò bá lè san ti Ìkògòsì, kí wọ́n sùn ní Iléṣà ní yàrá tí ó mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì yà sí Olúmirìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n torí owó yàrá wọ òkè Ẹ̀fọ̀n ní agogo méje alẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a má kánjú. Kí àwọn ọmọ tún wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rú lórí omi náà nínú ọyẹ́. Ìtàkìtì omi mìíràn tí à ń pè ní Àrìnta wà ní Ìpólé-Ìlórò nítòsí, fún ẹni tí kò tíì sú. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí a yẹ táyà wò, kí a padà gba Erìjìyàn bọ́ sí ọ̀nà Àrámọ̀kọ, láti ibẹ̀ sí Adó kò jìnnà mọ́. Nígbà tí a bá kọjá ní Àrámọ̀kọ, kí ẹni tí ó jókòó níwájú pe ilé. Ìgbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé iṣu kaná.